Wọ́n Ní Ìyá Ń Kà

Ó ń rí mi lára títí di òní. Bí mo bá ti rí ẹni tó gbé fóònù sókè lórí aláìsàn, itọ́ á ti kún mi lẹ́nu, á sì máa ṣe mí bíi kí n tu ú sí onítọ̀hún lójú. Iṣẹ́ mi ni láti kun èèyàn lóorun kí dókítà tó fi abẹ kàn wọ́n. Nọ́ọ̀sì ni mí, ṣùgbọ́n mo padà lọ kọ́ iṣẹ́ oorun, mo sì ti ń ṣe é kí ewú tó yọ lórí mi. Mo ti rí egbò tó ní ìdin, mo ti rí ìfun tó jẹrà nínú ẹni tó ṣì ń mí. Mà á wẹ ọwọ́ mi, mà á lọ jẹun. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí kò ní ẹ̀jẹ̀ nínú, òun ló sì máa ń lé oúnjẹ kúrò lẹ́nu mi.

Ilé ìwòsàn aládàáni ni, ní Súrùlérè. A ní yàrá iṣẹ́ abẹ kan, a sì ní yàrá oníbẹ́ẹ̀dì mẹ́ta tí a ń pè ní àìsíyù, torí pé ọ́síjìn wà níbẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọkàn àti èémí sì wà níbẹ̀. Dókítà tó ni ilé ìwòsàn náà fúnra rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ abẹ. Ó mọ iṣẹ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò ní sùúrù rárá. Bí o bá pẹ́ díẹ̀ lórí aláìsàn, á máa fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀ bíi pé ọkọ̀ fẹ́ fi í sílẹ̀.

Wọ́n gbé ìyá náà wá ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún dáadáa. Aṣọ ló ń tà ní Tejúoṣó kí orúnkún tó lé e wálé, láti ìgbà náà ló sì ti ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún un nìyẹn. Káfíńtà ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù sí Múṣin. Ìyá ló tọ́ gbogbo ọmọ tí ọkùnrin yìí bí: ó wẹ̀ wọ́n, ó pọ̀n wọ́n, ó ń mú wọn lọ sílé ìwé. Ó yọ̀ ní bálùwẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, egungun itan rẹ̀ dá. Nígbà tí wọ́n ń gbé e wọlé, ọmọ rẹ̀ ló di orí rẹ̀ mú, tó ń pè é ní "Ìyá mi, Ìyá mi," omijé ń dà lójú rẹ̀ gbangba, ọkùnrin tó ti ní irùngbọ̀n. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀.

Oògùn tí a fi ń kun èèyàn lóorun, bí ara ṣe tẹ̀wọ̀n tó la fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹni tí itan rẹ̀ ti dá kò sì lè dúró lórí ìwọ̀n. Mo bi ìyàwó ọmọ rẹ̀ pé kílò mélòó ni Màmá. Ó wá inú báàgì, ó mú káàdì kan jáde, káàdì ilé ìwòsàn ìjọba tí etí rẹ̀ ti jẹ. Wọ́n kọ méjìdínlọ́gọ́rin síbẹ̀. Mo wo ìyá níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Ó wọ súwẹ́tà, ó ró ìró méjì, wọ́n tún fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó. Ojú mi ní ó lè tó bẹ́ẹ̀. Mi ò wo ọdún tí wọ́n kọ sórí káàdì, mi ò sì ṣí bùláńkẹ́ẹ̀tì wò. Ṣé ẹ rí nǹkan tí ọ̀lẹ ń ṣe fún èèyàn? Mo kàn kọ méjìdínlọ́gọ́rin sínú ìwé mi.

Èrò mi ni láti gún un ní ẹ̀yìn, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kú, kí orí rẹ̀ wà ní pípé. Ìyẹn ló sàn jù fún arúgbó. Mo gún un lẹ́ẹ̀mẹta, abẹ́rẹ́ kò ráàyè wọlé, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ti fún pọ̀. Ó ń fara dà á, ó ń sọ pé, "Ọmọ mi, má wulẹ̀ bẹ̀rù, gún un." Dókítà, ọ̀gá wa, ti wọ ìbọ̀wọ́, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ gbálẹ̀. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, fún un ní kẹ́tàmìnì jàre, ká ríbi lọ."

Oògùn oorun tó ń jẹ́ kẹ́tàmìnì ni gbogbo ilé ìwòsàn kékeré fi ń gbéra. Kì í sáàbà dá èémí dúró, kò nílò ẹ̀rọ ńlá, ó sì ń pa ìrora dáadáa. Mi ò ní bú u, ó ti gba ẹ̀mí púpọ̀ là lójú mi. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó gbà á bá ń jí, ó lè máa rí ohun tí kò sí, kó máa fèsì fún ẹni tí kò pè é. Bó bá sì ti pọ̀ jù, ó di wàhálà. Mo fún un ní ti kílò méjìdínlọ́gọ́rin. Iṣẹ́ náà gùn, mo tún fún un, mo tún fún un. Nígbà tí a parí, tí a ń pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, mo rí apá rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Apá ọmọ ilé ìwé ni. Ìyá yẹn kò lè ju àádọ́ta kílò lọ. Ṣùgbọ́n ó ń mí, ọkàn rẹ̀ sì ń lù dáadáa. Mi ò kọ ọ́ sílẹ̀, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fà á lé nọ́ọ̀sì àìsíyù lọ́wọ́, mo bọ́ aṣọ iṣẹ́, mo wá ọ̀nà ilé mi lọ sí Yábà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn mi, inú ìwé àìsàn ìyá ni mo ti kà á. Ìyá jí ní ìrọ̀lẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ó fẹ́ fa okùn omi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ já. Nọ́ọ̀sì àìsíyù fún un ní dáyásípáàmù kó lè dákẹ́. Ó dákẹ́, ó tún jí, ó tún pariwo, wọ́n tún fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹrin kí ilẹ̀ tó mọ́! Dáyásípáàmù kì í tètè jáde lára arúgbó, ó máa ń gbára jọ síbẹ̀ ni, á wá da orí rẹ̀ rú ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Gbogbo wa ló mọ̀ ọ́n, wọ́n kọ́ wa. Ṣùgbọ́n aláìsàn tó dákẹ́ kì í yọ nọ́ọ̀sì lẹ́nu, ohun tí wọ́n fẹ́ nìyẹn. Ṣíọ̀.

Bí mo ṣe dé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí èrò lẹ́nu ọ̀nà àìsíyù. Obìnrin tó ń nu ilẹ̀ gbé ọwọ́ lérí, ìyàwó ọmọ ìyá fara ti ògiri. Nọ́ọ̀sì àìsíyù dúró nídìí bẹ́ẹ̀dì, ó na fóònù sí ìyá lójú. Ìyá la ojú sílẹ̀ rekete, ojú náà kò sì wo ẹnikẹ́ni. Ó ń sọ pé, "Èmi ni mo pa á. Mo fi í sílẹ̀, mo lọ. Èmi ni mo pa á."

Nọ́ọ̀sì ní, "Ta lẹ pa, Màmá?"

"Ọmọ mi."

"Ta lẹ tún pa? Ṣé ẹ̀yin náà lẹ pa Bàbá, ọkọ yín?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin mélòó lẹ jọ ń ṣe é?"

"A pọ̀."

Ìyàwó ọmọ rẹ̀ fi igbe bọnu. "Yéè! Ẹ gbà mí o! Ìyá ti ń kà!"

Ẹni tó bá dàgbà láàárín wa mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó. Àgbà tó bá dùbúlẹ̀ àìsàn tó wá ń ka ohun tó ti ṣe, àjẹ́ ló ń jẹ́wọ́ yẹn lójú wa, kò tún sí àlàyé kankan mọ́. Ẹni tó bá kà, a kì í retí pé kó dìde. Àwọn mìíràn kì í tiẹ̀ fẹ́ kó dìde. Nọ́ọ̀sì yẹn, ó kàwé, ó gbàwé ẹ̀rí, ó mọ orúkọ oògùn tí òun fúnra rẹ̀ fà sínú abẹ́rẹ́. Síbẹ̀, ó dúró síbẹ̀, ó ń fọ̀rọ̀ wá arúgbó tí oògùn ń pa lẹ́nu wò bíi ti ọlọ́pàá. Mo já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Orí ẹ dàrú ni? Aláìsàn lò ń ká sílẹ̀ yẹn?" Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yin náà ẹ ṣáà gbọ́ ọ." Ó ti fi ohun tó ká ránṣẹ́ sí ìyàwó ọmọ ìyá, ìyẹn sì ti fi sórí wásáàpù gbogbo ẹbí.

Ọmọ ìyá dé kí ọ̀sán tó pọ́n. Kò sunkún lọ́tẹ̀ yìí. Ó dúró sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kò fẹ́ wọlé. Ọ̀gá wà níbẹ̀, ó káwọ́ gbera. Mo di ọkùnrin náà lápá mú, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fetí sí mi dáadáa. Oògùn ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu Màmá. Ohunkóhun tí ẹ bá bi wọ́n báyìí, bẹ́ẹ̀ ni ni wọ́n máa sọ. Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín." Mo fà á wọlé, mo tẹ̀ sí etí ìyá.

"Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ gbé ọkọ̀ ojú irin tó wà ní Ọ̀yìngbò?"

"Èmi ni."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Ibo lẹ wá gbé e sí?"

"Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

Mo gbé orí sókè, mo ti ń rẹ́rìn-ín, mo rò pé mo ti já irọ́ náà. Ìyàwó rẹ̀ ti gbá àyà mú lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Jésù! Odindi ọkọ̀ ojú irin! Ẹ ò rí i pé agbára wọn kì í ṣe kékeré?" Obìnrin tó ń nu ilẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo fi Ọlọ́run búra, ó wò ó.

Ọmọ ìyá kò rẹ́rìn-ín, kò sì pariwo. Èèyàn tó ń ronú ni, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó ní òun ní ẹ̀gbọ́n kan tó kú kí wọ́n tó bí òun, ibà ni wọ́n sọ fún òun pé ó pa á. Ó wá wò mí lójú, ó ní, "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, gbogbo ẹni tí ẹ ń kùn lóorun, ṣé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyí? Àbí oògùn yẹn ló pọ̀ jù lára ìyá mi?"

Ọ̀rọ̀ ló dé yẹn. Ohun kan ṣoṣo tó lè gba ìyá yẹn sílẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ ló fi lé mi lọ́wọ́ yẹn. Kí n kàn ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ó pọ̀ jù. Mo ṣi kílò wọn kà." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gá húkọ́ lẹ́yìn mi, ikọ́ kékeré báyìí. Mo mọ ohun tí ikọ́ náà ń sọ. Mo ronú kan ìwé ẹ̀rí mi, mo ronú kan iṣẹ́. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé, "Rárá o. Bó ṣe yẹ gẹ́lẹ́ la fún wọn."

Ó mi orí. Ó ní, "A jẹ́ pé ìyá mi ló ń sọ̀rọ̀ nìyẹn." Ó yí ẹ̀yìn padà, ó sọ̀kalẹ̀ lọ.

Ṣé ẹ rí mi? Èmi tí mò ń pe ọmọlọ́mọ ní olórí dídàrú. Nọ́ọ̀sì yẹn fi fóònù ba ìyá jẹ́, èmi fi ẹnu ara mi tẹ̀ ẹ́ lóǹtẹ̀. Mo wọ ilé ìtọ̀ lọ, mo bì. Kì í ṣe àpèjúwe o, mo bì gan-an.

Láti ọ̀sán ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kan ìyá mọ́. Oúnjẹ tí wọ́n bá gbé wá, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń gbé e sí. Nọ́ọ̀sì kan ní òun wà nínú oyún, òun kò lè wọ ibẹ̀. Òmíràn ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àwẹ̀. Mo wọlé lọ́jọ́ kẹta, mo bá ìyá nínú ìtọ̀ tó ti tutù, egbò ti ń fẹ́ yọ ní ìdí rẹ̀, eṣinṣin ń bà lé oúnjẹ lẹ́nu ọ̀nà. Ilé ìwòsàn nìyẹn o, pẹ̀lú àwọn tó búra láti tọ́jú èèyàn. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́, èmi ni mo yí i padà. Mo pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún fún un ní dáyásípáàmù. Mo yí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sí ojú fèrèsé kó lè mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru, mo wọ awò ojú rẹ̀ fún un, mo sì ń sọ ọjọ́ àti ibi tó wà fún un léraléra. Mo ń fún un lómi díẹ̀díẹ̀. Ọgbọ́n inú ìwé náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ṣiṣẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ó wò mí, ó ní, "Ìwọ lo gún mi lẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣé wọ́n ti bá mi to itan mi?"

Inú mi dùn dé ibi pé mo jókòó sílẹ̀. Orí rẹ̀ ti pé pátápátá. Ó bi mí bí ojú ọjọ́ ṣe rí, ó ní kí n bá òun di irun òun. Bí mo ṣe ń di irun náà, mo fi ọgbọ́n bi í léèrè ọmọ tó kú. Ó sọ ọ́ láìsí ìjayà. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ara rẹ̀ gbóná láti àárọ̀. Ọjà ti dé sí Ọ̀yìngbò lọ́jọ́ náà, ó sì ní láti lọ gbé e. Ó gbé ọmọ fún ará ilé, ó ní òun ń bọ̀ wáyìí. Kó tó dé, gìrì ti mú ọmọ, ó ti kú. Ó ní, "Mo fi í sílẹ̀, mo lọ." Ọ̀rọ̀ tó ń sọ nínú oògùn gan-an nìyẹn. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ọmọ mi kò wá lónìí ni?"

Mo ní wọ́n ń bá iṣẹ́ yí ní ṣọ́ọ̀bù. Irọ́ kejì nìyẹn.

Mo pe ọmọ náà lórí fóònù lẹ́yìn àtẹ̀gùn, níbi tí Ọ̀gá kò ti lè gbọ́ mi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo purọ́ fún yín. Oògùn náà pọ̀ jù, èmi ni mo ṣi kílò kà. Orí Màmá ti pé báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá rí wọn." Ó ní, "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin náà lẹ wò mí lójú tẹ́ ẹ sọ pé bó ṣe yẹ ni. Ẹ ti ń tọ́jú wọn, àánú wọn ti ń ṣe yín, ó yé mi. Mo ní àwọn ọmọ kékeré nílé." Ó ní òun ti ránṣẹ́ sí àbúrò ìyá òun ní Ògbómọ̀ṣọ́, ibẹ̀ ni ìyá yóò máa lọ. Ó wá pa fóònù.

Ọjọ́ tí àbúrò rẹ̀ ń bọ̀ wá mú un, mo dé yàrá, mo bá ìyá tó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, tí kò wo fèrèsé, tí kò wo nǹkan kan. Obìnrin tó ń nu ilẹ̀ ti bá a sọ̀rọ̀ kí n tó dé. Ìyá bi í pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kì í dáhùn bí òun bá kí wọn, obìnrin náà bá yọ fóònù lápò, ohùn tí wọ́n ká ti dé orí tirẹ̀ náà, ó ní kí Màmá fúnra wọn gbọ́. Ó fi ohùn ìyá han ìyá. Ó ní òun kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Mo lé e jáde, ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí i lọ́jọ́ náà, mi ò lè kọ ọ́ síbí.

Mo ti ilẹ̀kùn. Mo di ọwọ́ ìyá mú, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, láìfi ọ̀kan pa mọ́. Mo ní, "Màmá, oògùn tí mo fún yín pọ̀ jù. Àṣìṣe mi ni. Àwọn tó kù tún fi òmíràn lé e. Kò sí ohun tí ẹ ṣe. Oògùn ló fi ìbànújẹ́ ọmọ yín da ọ̀rọ̀ rú lẹ́nu yín." Mo ti ń sunkún kí n tó parí rẹ̀.

Ó wò mí pẹ̀lú àánú. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú mi. Ó ní, "Ọlọ́run á bù kún ẹ. Ìwọ nìkan lo fẹ́ bò mí láṣìírí níbí."

Mo ní, "Màmá, mi ò bo àṣírí kankan, òótọ́ ni mò ń sọ."

Ó ní, "Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ohùn mi nìyẹn, mo mọ ohùn mi. Láti ọjọ́ tí ọmọ yẹn ti kú ni mo ti ń rò ó pé bóyá nǹkan kan wà lára mi." Ó fún ọwọ́ mi mọ́ ọwọ́ rẹ̀. "Bá mi bẹ ọmọ mi. Sọ fún un pé mi ò mọ̀ pé mo ní i."